Ta Ni Yóò Sanwó fún Ẹni Tó Dá Igbó Sí?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ bá wa ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìdílé méjì ní ilẹ̀ létí odò kan náà. Ìdílé kìíní gé igbó tirẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n gbin kòkó, wọ́n kọ́lé. Ìdílé kejì ní kí ẹnikẹ́ni má fi àdá kan igi etí odò, nítorí omi tí gbogbo ìlú ń mu. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá gbé katakata dé pé òun fẹ́ ilẹ̀, ta ni yóò gbowó? Ẹni tó gé igbó ni. Ẹni tó dá a sí lè pa dà sílé lọ́wọ́ òfo.

A ò bù mọ́ ọn o. Òfin Ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1978 ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, pé kó máa bá aráàlú tọ́jú rẹ̀. Abala 28 fún un lágbára láti gbà á nítorí àǹfààní gbogbo ìlú. Abala 29 ló sọ ohun tí yóò san: ilé àti àtúnṣe orí ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn, àti owó ilẹ̀ tí onílẹ̀ san fún ìjọba lọ́dún náà. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sí nínú ìṣirò. Ìdílé tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé kì í san owó ilẹ̀ fún ìjọba, nítorí náà òdo ni tiwọn. Òfin kan náà sì túmọ̀ àtúnṣe sí ohun tí owó tàbí iṣẹ́ ọwọ́ onílẹ̀ mú jáde. Igbó tí Ọlọ́run gbìn kò sí níbẹ̀. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sọ fún àgbà ilé pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká ta igbó yìí kí ìjọba tó gbà á”? Orí wọn ò dàrú. Òfin ló kọ́ wọn.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Láti 1976 ni òfin owó orí wọn ti ń fojúure wo ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní sọ oko tàbí igbó òun di ilé rẹpẹtẹ láéláé, àti òun àti ọmọ òun àti ẹni tó bá rà á. Ní 1980 ni wọ́n sọ ọ́ di òfin tí kò ní gbèdéke. Easement ni wọ́n ń pe ìwé náà. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ó lè dáko, ó lè tà á, ó lè fi í jogún fọ́mọ. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilẹ̀, tàbí ìjọba, ló ń di ìwé mú, tó sì ń yọjú wò ó bóyá ó ń pa àdéhùn mọ́. Ká ní ilẹ̀ tó tó 1,000,000 dọ́là wá di 400,000 nítorí àdéhùn náà, 600,000 tó lọ yẹn ni wọ́n kà sí ọrẹ tó ṣe fún aráàlú. Yóò máa yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n ń bu owó orí lé, títí dé ìdajì owó tó wọlé fún un lọ́dún. Àgbẹ̀ gidi lè yọ gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ó lè gbé e lọ fún ọdún 15 sí i. Ní 2015 ni wọ́n sọ ìwọ̀n yìí di èyí tí kò ní parí.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má wí pé Amẹ́ríkà là ń bọ. Àwọn oníjìbìtì wọ inú ọ̀ràn náà. Wọ́n á kó àwọn olówó jọ, wọ́n á ra ilẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, wọ́n á wá adíyelé tí yóò fi owó orí irọ́ lé e, gbogbo wọn á sì yọ ìlọ́po ohun tí wọ́n dá sílẹ̀. Oṣù Kejìlá 2016 ni ọ́fíìsì owó orí fi ariwo ta. Ó di oṣù Kejìlá 2022 kí ilé aṣòfin tó sọ pé bí owó tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fẹ́ yọ bá ti ju ìlọ́po méjì àbọ̀ ohun tí wọ́n dá lọ, kọ́bọ̀ wọn ò ní rí yọ. Ọdún mẹ́fà gbáko! Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀dínwó owó orí, ẹni tó ń san owó orí ńlá ló ń jẹ ẹ́. Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún àgbẹ̀ Ìdànrè tàbí Ìmẹ̀kọ? Owó gidi ló ń fẹ́.

Àwọn tó wà lórí àlééfà á ní àwọn ò lè ṣe nǹkan kan, nítorí abala 315 ìwé òfin 1999 dáàbò bo Òfin Ilẹ̀: àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Ábújá àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 fọwọ́ sí i kó tó yí pa dà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n dúró de Àbújá kí wọ́n tó bá ìdílé ṣe àdéhùn? Kí ìjọba ìpínlẹ̀ bá àwọn tó ní igbó etí odò kọ ìwé, kó máa san nǹkan lọ́dọọdún fún ẹni tí kò bá gé e, kó sì kọ iye tí yóò san sílẹ̀ bó bá gba ilẹ̀ náà lọ́jọ́ kan. Kí orúkọ àwọn tó gbowó sì wà lára ògiri gbọ̀ngàn ìlú, kí oníjìbìtì má baà tún wọ̀ ọ́.

Wọ́n ń bọ̀ láìpẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì àti ankará. Ẹ gba ìrẹsì yín. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n wọ mọ́tò, ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n máa san lórí igbó tí ẹ dá sí, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i.