Ta Ló Sọ Pé Òyìnbó Kì Í Lo "Ẹ"?

Àwọn ẹgbẹ́ wa kan ti sọ ọ́ di àṣà. Bí a bá ní kí wọ́n máa fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀, èsì wọn ò ju ọ̀kan lọ: "Ayé ti lajú. Ṣé òyìnbó ń ṣe gbogbo ìyẹn ni?"

A bi wọ́n: òyìnbó wo? Ṣé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òyìnbó ń sọ ni? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Slofákíà, ní àárín gbùngbùn Yúróòpù.

Níbẹ̀, bí èèyàn bá ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó wá, "Poď sem!" ni yóò wí. Bó bá jẹ́ olùkọ́ rẹ̀, tàbí àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí, ó di "Poďte sem!" Ẹ wo "-te" yẹn dáadáa. Òun ni wọ́n ń lò fún èèyàn púpọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Kí ló wá fi yàtọ̀ sí "Wá" àti "Ẹ wá"?

Àwọn mìíràn á ní, "Ṣebí 'jọ̀ọ́' ti tó." Kò tó o! "Prosím" ni "jọ̀ọ́" tiwọn. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé "Počkaj, prosím" ti rí i fín, bí ìgbà tí a bá sọ fún ọ̀rẹ́ bàbá wa pé "Dúró, jọ̀ọ́." "Počkajte, prosím" ló yẹ kó sọ. Bí ó bá sì fẹ́ tọrọ ìrànlọ́wọ́, kò ní pàṣẹ rárá, á béèrè ni: "Mohli by ste mi pomôcť?", ìyẹn "Ṣé ẹ lè ràn mí lọ́wọ́?"

A mọ̀ pé àwọn kan kórìíra "ẹ" nítorí àgbà tó ń fi ipò rẹ̀ tẹ ọmọdé mọ́lẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Slofákíà, "vy" ni ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì sábà máa ń fi bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà á sì fi "vy" dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ò sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú. Ìwọ̀sí ni kí ẹ bá jà, ẹ fi "ẹ" sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà, kó sọ pé òun ò fẹ́. Kó má fi òyìnbó bojú.