Ẹrù Orí Ọkọ̀ Ẹgbẹ́

Lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá da owó jọ ra ọkọ̀ igbó, bíi Land Rover tàbí Land Cruiser, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wá ni galerí. Galerí ni irin tí a ń dè sí orí ọkọ̀ kí a lè gbé ẹrù lé e. Wọ́n á ní: "Àgbàdo nínú ọkọ̀, àgbàdo lórí ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ó lọ sí ọjà." Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹ mú bírò, ẹ bá mi ṣe ìṣirò.

Ọkọ̀ igbó lágbára nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n páànù ni òrùlé rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ta ọkọ̀ máa ń sọ iye kílò tí òrùlé lè gbé. Ká sọ pé ìwé tiyín kọ 100. Ká sọ pé galerí tí ajórin ṣe fún yín wọn 40 kílò. Galerí pàápàá ẹrù ni. Ẹ yọ 40 kúrò nínú 100, ó ku 60. Àpò àgbàdo tó wọn 100 kílò kò lè gun ibẹ̀ mọ́.

Kò tíì tán. Lójú ọ̀nà tó ní kòtò, ẹrù ń fò sókè, ó ń já lu galerí. Nítorí náà, àwọn kan tí ń ṣe galerí tà ní kí ẹni tó lè gbé 75 kílò lójú ọ̀dà má gbé ju 50 lọ nínú igbó. Ìdá méjì nínú mẹ́ta nìyẹn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 100, ó di 66. Ẹ yọ 40 ti galerí, ó ku 26. Bídọ́ọ̀nù epo pupa onílítà 25 kan ṣoṣo nìyẹn!

Àpò àgbàdo, inú ọkọ̀ ni ààyè rẹ̀. Ẹní, apẹ̀rẹ̀, bídọ́ọ̀nù òfìfo, ìwọ̀nyí ni ẹrù òrùlé.

Ẹnìkan nínú yín yóò sọ pé: "A ń rí táásì lọ́nà Pọ́bẹ̀ tí ẹrù orí rẹ̀ ga bí ilé, ó sì ń dé Àjàṣẹ́." Òótọ́ ni. Èmi náà ti wọ̀ ọ́ rí. Mo mọ̀ pé awakọ̀ ń wá owó epo. Ṣùgbọ́n ẹ bi obìnrin tó ru ìkòkò omi kíkún: kì í ṣàdédé yí padà. Ọkọ̀ tí orí rẹ̀ wúwo kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá sáré kọjá, tí awakọ̀ bá yí ọkọ̀ kíákíá, ẹrù orí á fà á lọ, ọkọ̀ á sì dojú dé. Àwọn èèyàn tún ń jókòó lórí ẹrù náà. Èyí ló ń bí mi nínú jù.

Bí ẹ bá ti gbà láti gbé ẹrù fúyẹ́, ẹ de galerí náà dáadáa. Ọkọ̀ àtijọ́ ní etí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé, níbi tí omi òjò ń gbà. Etí yìí ni ẹsẹ̀ galerí ń fi ìkọ́ mú. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ti dípẹtà, tó ń rún, kò lè mú galerí dúró. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun kò ní etí yìí. Ihò bóòtù tàbí ọ̀pá irin méjì ló wà lórí tiwọn. Bí kò bá sí ìkankan, ẹ má jẹ́ kí ajórin lu òrùlé. Òjò á máa wọlé, páànù á sì jẹrà.

Ẹ fi rọ́bà sáàárín irin àti òrùlé. Ẹ má fún bóòtù kan le tán kí ẹ tó kan èkejì. Ẹ máa fún wọn díẹ̀díẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. Kí nọ́ọ̀tì méjì wà lórí bóòtù kọ̀ọ̀kan, kí èkejì máa ti àkọ́kọ́. Ara galerí ni kí ẹ so okùn ẹrù mọ́, kì í ṣe ara ilẹ̀kùn.

Bóòtù máa ń dẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́. Bí ẹ bá kúrò ní Kétu, ẹ dúró ní Pọ́bẹ̀, ẹ tún wọn fún. Ẹ má fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún awakọ̀ nìkan, nítorí owó ẹgbẹ́ ló ra ọkọ̀. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò mú sípánà lọ́wọ́. Kí ó kọ ọjọ́ tó yẹ galerí wò sínú ìwé, àti iye kílò tó wà lórí rẹ̀. Ẹ ṣáà ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Bí awakọ̀ bá bínú pé ẹ ń ṣọ́ òun, ẹ jẹ́ kó bínú.