Ṣé Bẹ́ẹ̀ Ni A Ti Dá Ọkùnrin?

Bí ọkùnrin bá fi ipá bá obìnrin lò pọ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni a ti dá wọn; bí ara wọn bá ti dìde, wọn kò lè kó ara wọn níjàánu mọ́." Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní ọdún 2000, Randy Thornhill àti Craig Palmer tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ìfẹ́kùúfẹ̀ẹ́ ọkùnrin, tí ó ti ìgbà ìwáṣẹ̀ wá, ni gbòǹgbò ìfipábánilòpọ̀. Thornhill ti kọ́kọ́ ṣe ìwádìí kòkòrò kan tí ìrù rẹ̀ jọ ti àkekèé. Akọ rẹ̀ a máa gbé oúnjẹ fún abo. Èyí tí kò bá rí oúnjẹ gbé a máa fi ẹ̀mú tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ di abo mú tipátipá.

Àwọn onímọ̀ mìíràn ta kò wọ́n. Ọkùnrin kò ní ẹ̀mú lára. A sì ń fi ipá bá ọmọdé àti arúgbó tí kò lè lóyún lò pọ̀. Kí ni ti ọmọ bíbí níbẹ̀? Àwọn òǹkọ̀wé náà pàápàá tẹnu mọ́ ọn pé ohun tí ó ti inú ẹ̀dá wá kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dára.

Ẹ wo ilé ìdáná wa. Bí ebi bá ń pa ọkùnrin tí ó sì gbóòórùn ọbẹ̀, itọ́ a dà lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, kì í já àwo gbà lọ́wọ́ olóúnjẹ. A dúró, a sì sanwó. Itọ́ tí ó dà kò sí níkàáwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó nà wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Owó orí kò sọ ipá di ẹ̀tọ́. Ní 1991, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé ọkọ lè jẹ̀bi ìfipábánilòpọ̀ sí aya rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2015 lórí ìwà ipá kò sì yọ ọkọ sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ó má ṣe dákẹ́. Kí ó tètè dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, nítorí oògùn tí ń dènà àrùn HIV wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tọ́ ọmọkùnrin, bí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá wí pé, "Fi mí sílẹ̀," ẹ rí i pé ó fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe wí pé, "Ọkùnrin ṣáà ni." Ilé ni a ti ń kọ́ ọwọ́ ní ìjánu.