Ẹ Má Tíì Tẹ̀ka sí Fọ́ọ̀mù Náà, Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀, ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀dá, torí láyé ìsinsìnyí a ò mọ èyí tó yẹ ká kí yín mọ́ nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù la bá wá. Oníbàárà kan tó máa ń ra sọ́yà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa ní òun ò ní rajà mọ́ àfi tá a bá kọ ojú oko olúkúlùkù sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó rán wá gbé fóònù yí oko wa ká, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gba nọ́ńbà, wọ́n ní ká tẹ̀ka. A béèrè ẹ̀dà tiwa, wọ́n ní kò sí. A béèrè bóyá Yúróòpù lọjà náà ń lọ àbí ilé oúnjẹ adìyẹ níbí, wọn ò dáhùn. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé náà. Ìyá àgbà kan láàárín wa, tí oko rẹ̀ ò ju éékà méjì lọ, ti tẹ̀ka síbi tí wọ́n kọ pé bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, ọrùn àgbẹ̀ ló wà. Ìyẹn ló ń dùn wá jù.

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó ti wá, torí àwọn tó ń kó fọ́ọ̀mù kiri kì í sọ ọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin kan ní 2023 pé kòkó, kọfí, ọ̀pẹ, rọ́bà, sọ́yà, màlúù àti gẹdú ò gbọdọ̀ wọlé sọ́dọ̀ wọn tó bá jẹ́ pé orí igbó tí wọ́n pa run lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2020 ló ti jáde. Oko ohun ọ̀gbìn tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ, ìyẹn bí éékà 10, wọ́n gbọ́dọ̀ ya ààlà rẹ̀ yípo. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ojú ibì kan ṣoṣo lórí máàpù ti tó. Ojú ibì kan o! Àwọn tiwa yí éékà méjì ìyá yẹn ká bí ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀.

Òfin ọ̀hún gan-an, wọ́n ti sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ìparí 2024 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ó di ìparí 2025, ó tún di ìparí 2026 fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwọn tó ní lọ́yà bẹ̀bẹ̀ fún àsìkò, wọ́n sì rí i gbà. Àwa ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún wa.

Nílé níbí náà, Òfin Àyípadà Ojú Ọjọ́ ti 2021 ní kí ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 sókè yan ẹni tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ náà, kó sì máa jábọ̀ lọ́dọọdún. Àwọn kan wá ń lọ káàkiri pé ẹgbẹ́ tó bá ní ọmọ ẹgbẹ́ 50 ti bọ́ sábẹ́ òfin nìyẹn, kí wọ́n mówó wá kí àwọn bá wọn kọ ọ́. Irọ́ ni! Ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Akọ̀wé kan ṣoṣo la ní, òun náà tún ń ta kajú.

Èyí tó máa kàn wá gan-an ni ti Financial Reporting Council. Wọ́n ní láti 2028, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ọ̀rọ̀ wọn kan ará ìlú gbọ́dọ̀ máa jábọ̀ lórí ojú ọjọ́, àwọn kéékèèké á tẹ̀ lé e ní 2030. Ìlànà tí wọ́n ń lò, IFRS S2, kì í ka èéfín inú ọgbà ilé-iṣẹ́ nìkan, ó ń ka tàwọn tó ń tajà fún wọn mọ́ ọn. Òfin ò dárúkọ wa, àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé a kórìíra ìtọ́jú ilẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n jù wá lọ? Ní 2022, omi Odò Ọya gba oko ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ará wa ní Pàtígi àti Edu. A ń rí ọkọ̀ èédú tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Mórò, àwọn tó ń gé igi òrí sun èédú ò sì kọ fọ́ọ̀mù kankan. (Ká sọ òótọ́, àwọn kan nínú wa ló ń ta igi ọ̀hún fún wọn.)

Ohun tá a kọ̀ ni pé kí ẹlòmíì máa fi oko wa gbayì, kí ìnáwó àti ẹ̀bi sì jẹ́ tiwa. Ẹni tó nílò àkọsílẹ̀ ni kó sanwó ẹ̀. Kó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, Núpé tàbí Fúlàní kí àgbẹ̀ tó tẹ̀ka, kí ẹ̀dà sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ́yà tó mọ́, kí wọ́n fi nǹkan lé owó mùdù, torí títí di bá a ṣe ń kọ èyí, wọn ò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan náà ra ìwé ńlá kan, kó kọ ọdún tí wọ́n ti ṣán oko kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, iye àpò ajílẹ̀ tó wọ̀ ọ́ àti igi tí wọ́n dá sí. Tí ìwé yẹn bá wà lọ́wọ́ wa, oníbàárà mìíràn tó bá dé á bá a nílẹ̀, a ò ní máa bẹ̀rẹ̀ látorí òdo.

A ti kọ̀wé sí oníbàárà náà pé kó fún wa ní ẹ̀dà. Ó fèsì pé òun máa lọ rà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ mìíì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́nà Afọ́n àti Bódé Sáàdú, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ẹ̀dà kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka.