Kọ́kọ́rọ́ ilé ọ̀rọ̀ yín, ọwọ́ ta ló wà?

Bí erin méjì bá ń jà, koríko tí wọ́n dúró lé ni ó máa ń jìyà rẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà fojú ara wọn rí ìtumọ̀ òwe yìí ní ọdún 2021. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún náà, ilé iṣẹ́ Twitter pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ tí Muhammadu Buhari, tí ó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, kọ sí ojú òpó wọn, ọ̀rọ̀ tí ó fi ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 dẹ́rù ba àwọn kan. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Alhaji Lai Mohammed, mínísítà ètò ìròyìn, kéde pé ìjọba ti dá iṣẹ́ Twitter dúró ní orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé yóò fi mọ́, àṣẹ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, wọ́n sì ti tì í pa.

Ọjọ́ 222 ni ilẹ̀kùn náà fi wà ní títì, títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Ta wá ni ìyà jẹ? Ẹni tí ìyà jẹ ni obìnrin tí ń ta aṣọ, tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà lórí Twitter. Ìyà jẹ ọ̀dọ́ tí ó ń ti ibẹ̀ wá iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó bá Buhari tàbí Twitter jà nínú wọn. Àwọn tí ó já fáfá ń fi VPN gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ máa gba ẹ̀yìnkùlé wọ ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀? Ní oṣù keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá a pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu. Ìdájọ́ náà dára, ṣùgbọ́n oníbàárà tí ó ti lọ ti lọ. Ìjọba ní tirẹ̀ ti di ẹrù, ó ti gba ojú òpó Koo lọ, èyí tí àwọn ará Íńdíà dá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Koo ṣì ń bọ̀ níwájú.

Ẹ wò ó dáadáa, ayálégbé ni gbogbo àwọn tí ń pàtẹ ọjà àti ọ̀rọ̀ wọn sórí Twitter, Facebook àti irú wọn. Wọn kì í san owó ilé, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi rántí pé ilé onílé ni wọ́n wà. Onílé sì lè ta ilé mọ́ ayálégbé lórí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Elon Musk fi bílíọ̀nù 44 dọ́là ra Twitter, ó lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ, nígbà tí ó sì di ọdún 2023, ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí X. Onílé tún lè sọ ẹrù ayálégbé nù. MySpace, tí àwọn olórin ń kó orin wọn sí nígbà kan, jẹ́wọ́ ní ọdún 2019 pé orin àti àwòrán tí wọ́n ti gbé síbẹ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ lè má sí mọ́. Wọ́n ń kó wọn láti orí server kan sí òmíràn ni, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbé inú wọn, ni wọ́n bá ṣègbé lọ́nà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Jámánì, Eugen Rochko, gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2016, ó gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tí ó pè ní Mastodon. Lójú, ó jọ Twitter, ṣùgbọ́n kò ní onílé kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní server lè gbé Mastodon sórí rẹ̀ kí ó di baálé níbẹ̀, kí ó gba ọgọ́rùn-ún ènìyàn sílé tàbí kí ó dá nìkan gbé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, síbẹ̀ ará ilé kan ń bá ará ilé kejì sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń lo MTN ṣe ń pe ẹni tí ń lo Glo láìjẹ́ pé ó lọ ra síìmù Glo. Èdè tí àwọn server náà ń sọ sí ara wọn ni ActivityPub, tí àjọ W3C fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018. Bí baálé kan bá ń hùwà ìkà, ẹni tí ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè kó lọ sí ilé mìíràn, kí àwọn tí ń tẹ̀ lé e sì bá a lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti kọ sẹ́yìn kì í bá a lọ o. Àwọn tí ń polówó Mastodon kì í fẹ́ pariwo ìyẹn.

Ìrònú yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, ìwé máa ń há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Richard Stallman, tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tún ètò tí ń darí ẹ̀rọ náà kọ, kí ó lè máa ké sí àwọn tí ń lò ó nígbàkígbà tí ìwé bá há. Nígbà tí Xerox fún wọn ní ẹ̀rọ tuntun, kò sí ẹni tí ó fún un ní àkọsílẹ̀ inú rẹ̀. Ó lọ bẹ ẹnì kan tí ó ní in lọ́wọ́, ẹni náà ní òun ti ṣe ìlérí pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Ó dà bí ẹni tí ó ra mọ́tò, tí wọ́n ti ní kí ajórin jó bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pa. Inú bí Stallman. Ní ọdún 1983, ó kéde iṣẹ́ GNU: ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè lò, kí ó tú inú rẹ̀ wò, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, ọmọ ọdún 21 tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Helsinki, gbé Linux jáde. Linux yìí ni ó wà ní ìpìlẹ̀ gbogbo fóònù Android. Ẹni tí Android bá wà lápò rẹ̀ ti ń jẹ nínú oko wọn láìmọ̀.

Àwọn kan yóò ní, bí inú ètò bá hàn sí gbogbo ayé, ṣé olè kò ní rí ọ̀nà gbà wọlé? Ìbéèrè gidi ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àṣírí tú pé ẹnì kan ti fi ohun tí ó ju ọdún méjì lọ fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀rẹ́ níbi iṣẹ́ XZ, ètò kékeré kan tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ Linux, títí tí ó fi rí àyè gbẹ́ ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sínú rẹ̀. Onímọ̀ kan, Andres Freund, ni ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ òun ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá péré! Ó tú u wò, ó bá ejò nínú koríko. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti inú rẹ̀ pa ni, báwo ni ìbá ṣe tú u? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lójú kejì. Ẹnì kan ṣoṣo tí agara ti dá, tí kì í gba owó oṣù lórí rẹ̀, ni ó ti ń tọ́jú ètò tí àìmọye kọ̀ǹpútà gbẹ́kẹ̀ lé.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ ni ilé ara ẹni. Server ń fẹ́ iná tọ̀sán tòru. Ẹni tí ó bá gbé e sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn yóò wá epo sí jẹnẹrétọ̀, tàbí kí ó gbé sólà sórí òrùlé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń yá server lókè òkun, tí wọ́n ń fi dọ́là san án lóṣooṣù. Onílé mìíràn tún wà lábẹ́ ilé náà nìyẹn. Àdírẹ́ẹ̀sì pàápàá, yíyá ni. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn kan tí wọ́n ní Mastodon tiwọn ní àdírẹ́ẹ̀sì tí ó parí sí .af, tí í ṣe ti Afghanistan, rí i pé àwọn tí ń ṣàkóso ibẹ̀ lábẹ́ ìjọba Taliban ti gbẹ́sẹ̀ lé e.

Mastodon pàápàá lè má gba ọmọ Nàìjíríà là pátápátá ní ọdún 2021, nítorí ìjọba tí ó lè ti Twitter lè ti server kan. Kìkì pé títi ilẹ̀kùn kan rọrùn ju títi ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ. Kì í sì í ṣe dandan kí gbogbo ènìyàn di baálé. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ oníṣòwò tàbí ilé ẹ̀kọ́ lè dá owó jọ bí ẹni dá èésú, kí wọ́n gba ọ̀dọ́ kan tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì máa sanwó fún un. Ibi owó yìí ni ó máa ń já sí: wọn yóò rówó ra aṣọ ẹbí, wọn kò ní rówó fún ẹni tí ń ṣọ́ server. Ẹni tí kò bá ní ẹgbẹ́, kí ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ sí ibi tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Láti ọdún 2020 ni Jámánì ti ní Mastodon tirẹ̀, social.bund.de, lábẹ́ ọ́fíìsì ìjọba tí ń dáàbò bo àṣírí ará ìlú, kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba lè máa ti ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìjọba Nàìjíríà bá onílé kan jà, tí ó sì lọ gba yàrá lọ́dọ̀ Koo. Nígbà tí ó di oṣù keje ọdún 2024, agbára Koo kò gbé ìnáwó rẹ̀ mọ́, àwọn tí wọ́n fẹ́ tà á fún kò rà á, ni wọ́n bá ti ilé náà pa. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ tí ó wà ní Abuja.