Àìsàn Tí Kì Í Pariwo

Bí a bá dárúkọ àrùn ọpọlọ láàárín wa, ẹni tí ń pariwo lọ́jà, tí ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé ẹ̀kọ́ yìí bá mi wo apá àìsàn náà tí kì í pariwo rárá. Iṣẹ́ Nancy Andreasen, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ọpọlọ ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, ni ó là mí lójú sí i.

Obìnrin yìí kò fi ìṣègùn bẹ̀rẹ̀. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1963, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì dá lórí akéwì nì, John Donne. Lẹ́yìn tí ó bímọ ni àìsàn líle kọlù ú; pẹnisílíìnì ni ó yọ ọ́. Ó padà sí kíláàsì, ó sì di dókítà ní 1970. (Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti ń bá ọmọ jà ní SS1 nítorí pé ó yan lítíréṣọ̀, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀.) Ẹ̀kọ́ àtijọ́ náà kò ṣòfò. Ní 1979, ó tẹ ìwádìí jáde lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dàrú lẹ́nu aláìsàn: ọ̀rọ̀ tí ó ń yà kúrò lójú ọ̀nà, ìdáhùn tí kò bá ìbéèrè mu, àlàyé gígùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Èrò tèmi ni pé etí tí ó fi ń gbọ́ ewì náà ni ó fi gbọ́ wọn.

Nínú àrùn tí a ń pè ní schizophrenia, ohùn tí aláìsàn nìkan ń gbọ́ àti ìfura pé ayé ń dọdẹ òun ni gbogbo ènìyàn tètè ń rí. Andreasen ní kí a ka ohun tí ó sọnù pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó ṣe òdiwọ̀n kan fún àwọn dókítà: ojú tí kò fi ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́ hàn mọ́, ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ lẹ́nu, ìfẹ́ iṣẹ́ tí ó kú, ọ̀rẹ́ tí kò dùn mọ́ni mọ́, ọkàn tí kò lè dúró sójú kan. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ rí wọn, ṣùgbọ́n òdiwọ̀n rẹ̀ mú kí a lè wọ̀n wọ́n. Oògùn sábà máa ń dín ohùn wọ̀nyẹn kù. Àwọn àdánù yìí ni kì í tètè gbọ́ oògùn.

Ẹ wo ọjọ́ orí tí àrùn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: ìparí ọ̀dọ́langba sí bí ọmọ ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọmọ wa ń jáde níhìn-ín lọ sí yunifásítì gan-an nìyẹn. Ọmọ tí ń gba ipò kìíní kò wẹ̀ mọ́, kò gbé fóònù mọ́, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ilé a ní ọ̀lẹ ni, tàbí ẹgbẹ́ búburú, tàbí ọwọ́ ayé. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó dákẹ́ ni ó ń ṣàìsàn; ẹni tí ó yàtọ̀ sí ara rẹ̀ àtijọ́ fún oṣù mélòó kan ni kí a mú lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kò sí ẹni tí ó ní kí ẹ má gbàdúrà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kán lápá a máa gbàdúrà nínú ọkọ̀ tí ń gbé e lọ sí ọsibítù.

Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni òtítọ́ inú rẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ MRI, tí ń ya àwòrán ọpọlọ láì la orí, wo àrùn yìí. Ní 2011, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde kan jáde lórí aláìsàn 211 tí wọ́n tẹ̀lé fún nǹkan bí ọdún méje: àwọn tí ó lo oògùn jù ni ọpọlọ wọn dín kù jù. Kò rọrùn fún dókítà tí ń kọ oògùn náà láti sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní kí a da oògùn nù. Ìwọ̀n tí ó kéré jù tí ó sì ṣiṣẹ́ ni kí a lò. Ní 2013, wọ́n tún fi hàn pé bí àìsàn náà bá padà tí ó sì pẹ́ lára, ọpọlọ ń pàdánù pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn dúró láì bi dókítà.

Nínú owó tí a ń dá fún àjọ̀dún yìí, mo bẹ̀bẹ̀ kí a yọ ti nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ kan tí yóò máa bẹ ilé ẹ̀kọ́ wa wò, tí yóò sì bá àwọn olùkọ́ jókòó. Ọgbà tuntun lè dúró di ọdún tí ń bọ̀.