Ejò Aláwọ̀ Ewé

Àwọn kan gbà pé bí ènìyàn bá ti bá ìtàn àtijọ́ náà ni kí ó fi í sílẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá yí i padà ti ba ogún àwọn baba jẹ́. Irú wọn kò ní fẹ́ràn Green Snake, sinimá tí Tsui Hark ṣe ní Hong Kong ní èdè Cantonese ní ọdún 1993. Ṣùgbọ́n sinimá náà gan-an ni ó tako èrò wọn.

Ìlú Hangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà ni ìtàn náà ti ṣẹ̀. Ejò funfun kan tí ó ti lo ẹgbẹ̀rún ọdún láyé paradà di arẹwà obìnrin, ó sì fẹ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Xu Xian. Fahai, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà, kò lè gbà kí ènìyàn àti iwin jọ máa gbé. Ó tú wọn ká, ó sì sé obìnrin náà mọ́ abẹ́ ilé gogoro Leifeng.

Nígbà tí Feng Menglong tẹ ìtàn yìí sínú ìwé ní ọdún 1624, àǹjọ̀nú tí ó yẹ kí ènìyàn sá fún ni ejò náà jẹ́. Xu Xian fúnra rẹ̀ ni ó tọrọ owó tí wọ́n fi kọ́ ilé gogoro lé aya rẹ̀ lórí. Ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀, aláwọ̀ ewé, kì í tilẹ̀ ṣe ejò nígbà náà, ẹja ni! Àwọn eléré orí ìtàgé ni wọ́n yí i padà díẹ̀díẹ̀, títí obìnrin náà fi di aya rere àti ìyá ọmọ. Nígbà tí ilé gogoro náà wó ní ọdún 1924, ògbóǹtarìgì òǹkọ̀wé Lu Xun kọ àròkọ láti fi ìdùnnú rẹ̀ hàn. Èwo nínú ìwọ̀nyí wá ni ojúlówó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?

Tsui Hark tẹ̀lé ìwé Lilian Lee, ó sì fi ìránṣẹ́ ṣe olórí ìtàn. Ejò aláwọ̀ ewé, tí Maggie Cheung ṣe, kò tíì ju ẹni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lọ. Kò mọ ẹkún í sun, kò sì yé e ìdí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń fi ẹ̀mí wewu nítorí ọkùnrin tí kò lágbára. Òtítọ́ ni pé ìrù ejò inú sinimá náà dà bí rọ́bà níbòmíràn, ọmọ ayé òde òní yóò sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nínú igbó ọparun, Fahai rí àwọn ejò méjèèjì tí wọ́n fi ara wọn bo obìnrin kan tí ń rọbí, kí òjò má baà pa á. Ó dá wọn sí. Síbẹ̀ ohun tí ojú rẹ̀ rí kò wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Nígbà tí ó yá, ó fi agbára mú Xu Xian lọ sí tẹ́ḿpìlì Jinshan. Omi kún, tẹ́ḿpìlì bàjẹ́, ejò funfun bímọ, ó sì kú.

Bí ìtàn bá dúró sí ti ọdún 1624, ìbẹ̀rù arẹwà obìnrin nìkan ni òǹkàwé ì bá rí kọ́ níbẹ̀. Nínú ti Tsui Hark, ẹni tí kì í ṣe ènìyàn ni ó sọkún nígbẹ̀yìn. Òun náà ni ó pa Xu Xian, tí ó sì kúrò láàárín àwọn ènìyàn. Fahai ni ó kù, tòun ti ọmọ ejò náà lọ́wọ́ rẹ̀.